Kọ́ọ̀sì ìbánisọ̀rọ̀ ló wù mí, àmọ́ mi ò rí ìdáhùn sí ìbéèrè bàbá mi

Ọmọ Ìbéèrè kọ:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin òbí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ọdún kìíní ní yunifásítì ni. Kí oṣù yìí tó tán, mo gbọ́dọ̀ mú kọ́ọ̀sì tí màá gba dìgírì lé lórí. Ẹ̀kọ́ ìbánisọ̀rọ̀ ló wà lọ́kàn mi. Mo ṣe kíláàsì kan níbẹ̀ ní sáà tó kọjá, èyí tó dá lórí bí ẹni méjì ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀, òun nìkan sì ni kíláàsì tí mo máa ń dé ṣáájú olùkọ́.

Lálẹ́ àná, bàbá mi pè mí jókòó. Wọn ò bínú, wọn ò pariwo. Wọ́n kàn bi mí pé, "Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ tí ẹni tí kò lọ ò mọ̀? Ṣebí gbogbo èèyàn ló ń sọ̀rọ̀." Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ohun tó dùn mí jù ni pé ìbéèrè tó dáa ni wọ́n bi mí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n kúkú lọ kọ́ ìṣirò owó, pé ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ ọ, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba àwọn tó kọ́ ọ síṣẹ́, kí ni wọ́n ń kọ́ èèyàn níbẹ̀ gan-an? Kí ni mo sì máa fi ṣe?

Onímáìkì kọ:
Àbúrò, ọdún 17 rèé tí mo ti wà nídìí rédíò. Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, kì í ṣe ìbánisọ̀rọ̀. Ẹnu iṣẹ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́. Tó bá jẹ́ rédíò tàbí tẹlifíṣàn lò ń fojú sùn, wá ilé iṣẹ́ tí yóò jẹ́ kó o máa bá wọn gbé wáyà kiri lọ́jọ́ tí o ò bá ní kíláàsì, kó o sì lọ kọ́ ẹ̀kọ́ tí yóò fún ẹ ní nǹkan tí wàá máa sọ: òfin, ètò ọrọ̀ ajé, ìlera. Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ tí kò ní nǹkan kan tó fẹ́ sọ, àwọn olùgbọ́ á fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n á yí i kúrò.

Ìyá Olùkọ́ kọ:
Onímáìkì, mo gbọ́ yín, òótọ́ lẹ sì sọ fún ẹni tó fẹ́ ṣe rédíò. Àmọ́ ohun méjì lẹ so pọ̀ yẹn. Iṣẹ́ ìròyìn lọ́tọ̀, ẹ̀kọ́ ìbánisọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Torí pé abẹ́ òrùlé kan náà ni yunifásítì míì máa ń kó wọn sí ni àwọn èèyàn ṣe rò pé ọ̀kan ni wọ́n. Ọmọ yìí ò sọ pé òun fẹ́ ka ìròyìn.

Ọmọ mi, ọdún 22 ni mo ti fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Bó bá jẹ́ èmi ni bàbá ẹ bi, màá ní: gbogbo èèyàn ló ń mí, síbẹ̀ àwọn kan ń lọ kọ́ bí ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ọjọ́ tí èémí bá ń há, àwọn la máa ń sá tọ̀ lọ. Àwa náà ń kọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ẹnu ẹni tó sọ̀rọ̀ àti ọkàn ẹni tó gbọ́ ọ, pàápàá níbi tó ti ń bà jẹ́.

Kì í ṣe ẹ̀kọ́ àná. Ó lé ní 2,300 ọdún tí Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gíríìsì, ti bi ara rẹ̀ pé kí ló ń mú kí olùgbọ́ gba ọ̀rọ̀ gbọ́. Ó ní ọ̀nà mẹ́ta ni: irú èèyàn tí olùsọ̀rọ̀ jẹ́ lójú olùgbọ́, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lára olùgbọ́, àti ẹ̀rí tó wà nínú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ní 1948, Harold Lasswell, ọmọ Amẹ́ríkà, to ìbéèrè márùn-ún sílẹ̀ tí a ṣì ń lò: ta ló sọ ọ́, kí ló sọ, ọ̀nà wo ló gbà sọ ọ́, ta ló sọ ọ́ fún, kí ló sì yọrí sí? Ìdí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan lẹ̀ka ẹ̀kọ́ wà.

Ní kíláàsì mi àkọ́kọ́ lọ́dọọdún, ìtàn kan ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ní March 27, 1977, bàálù ńlá méjì wà lójú ọ̀nà kan ṣoṣo ní pápákọ̀ òfuurufú erékùṣù Tenerife, ti orílẹ̀-èdè Sípéènì. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú KLM ló ni ọ̀kan, ilé iṣẹ́ Pan Am ló ni èkejì. Kùrukùru bolẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀kan ò rí ìkejì, tí àwọn tó ń darí bàálù láti ilé ìṣọ́ ò sì rí èyíkéyìí. Awakọ̀ KLM bẹ̀rẹ̀ eré láti gbéra láìtíì gba àṣẹ. Igbákejì rẹ̀ sọ lórí rédíò pé àwọn ti wà níbi ìgbéra. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé àwọn ti ń gbéra lọ. Ohun tí ilé ìṣọ́ gbọ́ ni pé wọ́n ti dúró síbi tí èèyàn ti ń gbéra, pé wọ́n ń retí àṣẹ. Ilé ìṣọ́ dáhùn pé "OK", ó sì fi kún un pé kí wọ́n ṣì dúró. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni Pan Am ké pé àwọn ṣì wà lójú ọ̀nà. Ohùn méjèèjì kọlura lórí rédíò, ariwo kan tó ń han gooro ló wọ etí àwọn KLM. Ẹnjiníà tó wà pẹ̀lú wọn nínú bàálù béèrè pé ṣé Pan Am ò tíì kúrò níbẹ̀ ni. Ọ̀gá dá a lóhùn pé ó ti kúrò. Ẹnjiníà dákẹ́. Èèyàn 583 ló kú.

Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n sọ. Kò sí odi níbẹ̀, kò sí dìndìnrìn. Àgbọ́ìgbọ́tán ni. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe ìgbéra, wọn kì í dárúkọ ẹ̀ lórí rédíò mọ́ àfi ìgbà tí wọ́n bá ń fún bàálù láṣẹ kó gbéra tàbí tí wọ́n bá ń fagi lé àṣẹ náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, wọ́n yí ibi tí wọ́n ti ń lò ó padà.

Ẹlẹ́rọ kọ:
Mà, ẹ jọ̀ọ́, àtúnṣe díẹ̀. Ìtàn Tenerife yẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan ló fà á. Bọ́ǹbù tó bú ní pápákọ̀ Gran Canaria, erékùṣù tó wà nítòsí ibẹ̀, lọ́jọ́ náà ló mú kí wọ́n darí ọ̀pọ̀ bàálù lọ sí Tenerife, ibẹ̀ sì kún ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn KLM tún ń bẹ̀rù kí wákàtí tí òfin gbà wọ́n láyè láti ṣiṣẹ́ má tán. Ẹ̀yin onímọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ máa ń fẹ́ kó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ló wà nídìí gbogbo nǹkan.

Èkejì: 1948 yẹn kan náà ni Claude Shannon gbé ìṣirò rẹ̀ jáde lórí bí ìsọfúnni ṣe ń gba inú wáyà kọjá láìbàjẹ́. Ẹnjiníà ni. Ó sọ ọ́ gbangba pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ́ ni ìṣòro tí òun fẹ́ yanjú. Àmọ́ àwòrán tó yà, olùránṣẹ́, ọ̀nà, ariwo, olùgbà, ó wà nínú gbogbo ìwé ọdún kìíní yín bíi pé èèyàn méjì tó ń tàkúrọ̀sọ ló ń ṣàpèjúwe.

Ìyá Olùkọ́ kọ:
Ẹ ṣeun, Ẹlẹ́rọ. Òótọ́ ni ti bọ́ǹbù àti ti wákàtí iṣẹ́, ó yẹ kí n ti sọ ọ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀ náà lórí ọ̀rọ̀ Shannon, Warren Weaver tó ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún gbogbo ayé ní 1949 ló fẹ̀ ẹ́ dé ọ̀rọ̀ èèyàn. A máa ń sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí wọn ò bá sọ ọ́ fún ọ níbi tó o wà, ọmọ mi, kó o béèrè.

Ọmọ Ọdún Mẹ́rin kọ:
Mo kọ́ ọ, mo gboyè. Oṣù 14 ni mo fi jókòó láìríṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀, kí àbúrò má bàa ṣe bíi tèmi.

Àkọ́kọ́, mi ò rí ìkéde iṣẹ́ kankan tó sọ pé "à ń wá onímọ̀ ìbánisọ̀rọ̀". Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ìṣirò owó á rí orúkọ ara rẹ̀ nínú ìkéde. Ìwọ ni wàá máa túmọ̀ ara ẹ fún wọn. Iṣẹ́ tí a lè ṣe pọ̀: alukoro, ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ sórí ìkànnì ilé iṣẹ́, ẹni tó ń tọ́ òṣìṣẹ́ tuntun sọ́nà, oníwádìí ọjà, ẹni tó ń wá owó ìrànwọ́ fún àjọ aláàánú, ẹni tó ń ṣètò ìpolongo ìlera. Kò sí èyí tó máa pè ọ́ lórúkọ.

Èkejì ló dùn mí jù. Kíláàsì tó rọrùn ni mo ń sá tẹ̀lé kiri. Kíláàsì ọ̀nà ìwádìí, mo sún un títí di sáà tó gbẹ̀yìn, mo sì fi máàkì tí kò jọjú yọ níbẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àkọ́kọ́, obìnrin tó jókòó níwájú mi ò béèrè ìwé ẹ̀rí. Ó ní, "Fi nǹkan tó o ti kọ hàn mí." Ọdún mẹ́rin, mi ò ní ojú ìwé kan tí mo lè gbé síwájú ẹ̀.

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ adójútòfò kan gbà mí fún oṣù mẹ́ta, kí n wá tún àwọn lẹ́tà wọn kọ. Lẹ́tà kan wà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá béèrè owó ìbánigbófò. Gbogbo ẹni tó bá gbà á ló ń tẹ̀ wọ́n láago. Mo kà á. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ní ìbámu pẹ̀lú ìwé àdéhùn tí a tọ́ka sí lókè yìí". Ohun kan ṣoṣo tí èèyàn ń wá nínú ẹ̀, ìyẹn bóyá wọ́n á san owó náà àti ọjọ́ tí wọ́n á san án, ìpínrọ̀ kẹrin ló wà. Mo gbé e wá sí ìlà àkọ́kọ́. Mi ò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn tó ń gbé fóònù níbẹ̀ wá bá mi nídìí tábìlì mi pé kí ni mo ṣe. Lẹ́tà ti àtijọ́ àti ti tuntun yẹn ni mo ń gbé kiri láti ìgbà náà, òun ló gba iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí fún mi.

Ẹ̀kọ́ náà dáa. Má ṣe gba ibi tó tẹ́jú nínú ẹ̀ kọjá. Wo ìwádìí tí McCombs àti Shaw ṣe ní 1972: wọ́n bi àwọn olùdìbò léèrè ohun tó ká wọn lára jù, wọ́n ka ohun tí ìròyìn ń gbé jáde, wọ́n wá fi méjèèjì wéra. Wọ́n rí i pé ohun tí ìròyìn ń tẹnu mọ́ làwọn èèyàn náà kà sí pàtàkì. Ìṣirò ni, kíkà ni, kì í ṣe ẹnu dídùn.

Ìyá Olùkọ́ kọ:
Ọdún 1968 ni wọ́n bi wọ́n, nígbà ìdìbò ààrẹ Amẹ́ríkà, ní Chapel Hill. Ẹni 100 tí kò tíì mọ ẹni tí wọ́n máa dìbò fún ni. Ọdún 1972 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ, àfi bíi kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi.

Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́ kọ:
Mo wà ní ipò bàbá ọmọ yìí lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Ẹ má rò pé owó nìkan là ń rò. Ẹ̀rù ń bà wá kí ọmọ má lọ fi ọdún mẹ́rin ra orúkọ. Mo kọ̀ fún ọmọkùnrin mi, a ṣe gbólóhùn asọ̀, a sì parí rẹ̀ síbi pé kó kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kó mú ẹ̀kọ́ kejì mọ́ ọn. Ó mú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ń ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà ló ń bá ṣiṣẹ́ báyìí, òun ló ń kọ ìwé ìlànà tí àwọn oníbàárà ń kà. Ìmọ̀ràn mi fún ọ ni pé kó o má dá a gbé. So ó mọ́ nǹkan.

Onímáìkì kọ:
Ohun tí mo ti ń sọ láti òkè náà nìyẹn.

Aláìlóhùn kọ:
Mi ò bá ẹ̀yin méjèèjì fà á, àmọ́ ẹ ń sọ ọ́ bíi pé ẹ̀kọ́ yìí fúnra rẹ̀ ṣófo, pé nǹkan míì ló máa kún inú ẹ̀. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀.

Èmi kì í sọ̀rọ̀. Láti kékeré, ẹ̀yìn kíláàsì ni mo máa ń jókòó sí. Nígbà tí mo mú kọ́ọ̀sì yìí, àwọn ẹbí mi rò pé orí mi ti yí. Kíláàsì kan wà lọ́dún kejì tí wọ́n ní kí á gba ohùn ẹni méjì tó ń fọ̀rọ̀ wérọ̀ sílẹ̀, tí wọ́n bá gbà á láyè, ká wá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu: ibi tí wọ́n ti mí kanlẹ̀, ibi tí ẹnì kan ti já lu ọ̀rọ̀ ẹnì kejì, ibi tí wọ́n ti dákẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni mo gbà sílẹ̀. Odidi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mo fi kọ ọ́.

Ẹnì kan ní kí ọ̀rẹ́ òun bá òun gbé ẹrù lọ́jọ́ Sátidé. Ìdákẹ́jẹ́ kékeré kan tẹ̀ lé e, kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́yìn náà, "ùn-ùn... ó dáa, jẹ́ kí n wò ó ná." Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ẹni tó béèrè ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn, torí kí ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó sọ̀rọ̀ tán ló ti ní "tí kò bá rọrùn, má ṣèyọnu." Mo tẹ̀ ẹ́ padà bí ìgbà ogún. Sacks, Schegloff àti Jefferson ti kọ̀wé ní 1974 lórí bí a ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wa, pé ìlànà wà nínú ẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé ọ̀nà wọn sì fi hàn pé "bẹ́ẹ̀ ni" máa ń yá, pé "bẹ́ẹ̀ kọ́" ló máa ń lọ́ra. Látọjọ́ náà, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ èèyàn bí mo ṣe ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń kọ́ ẹ̀rọ tó ń dáni lóhùn ni mò ń bá ṣiṣẹ́ báyìí, ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an sì ni iṣẹ́ mi.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ kọ:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó padà lọ kọ́ ìbánisọ̀rọ̀, nítorí náà mo lè sọ ti ilé ìwòsàn. Aago méje alẹ́, ẹni tó ń lọ sílé ń fa aláìsàn lé ẹni tó ń wọlé lọ́wọ́. Ó ti rẹ ẹni tó ń lọ. Ẹni tó ń wọlé ò tíì bọ́ kóòtù. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń bọ́ sílẹ̀. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń lò ni SBAR: kí ló ń ṣẹlẹ̀, kí ló ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú, kí ni èrò mi, kí ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe. Inú ọkọ̀ ogun abẹ́ omi àwọn ará Amẹ́ríkà ló ti wá. Apá kẹrin ló ṣòro jù fún nọ́ọ̀sì, láti sọ fún dókítà pé "mo fẹ́ kí ẹ wá wò ó nísinsìnyí." A máa ń ṣe é léraléra bíi pé eré ni, títí ẹnu á fi gbà á.

Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́, èmi gan-an ni ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ yín jóòótọ́, àmọ́ ẹ ò lè sọ pé dandan ni kí ẹ̀kọ́ kejì wáyé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan máa ń rí i níwájú.

Ọmọ Ìbéèrè kọ:
Mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìbéèrè kan: ìṣirò ń dẹ́rù bà mí. Báwo ni ti kíláàsì ìwádìí yẹn ṣe le tó?

Ọmọ Ọdún Mẹ́rin kọ:
Kò le tó bí mo ṣe rò ó. Wàá kọ́ bí a ṣe ń ṣètò ìbéèrè fún ọ̀pọ̀ èèyàn, wàá kọ́ bí a ṣe ń yan àwọn tí a máa bi, wàá ka nǹkan, wàá wo bóyá ìyàtọ̀ tó o rí jóòótọ́ tàbí èèṣì ni. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ìṣirò. Ìwọ lo máa mọ ohun tó yẹ kó ṣírò. Tètè ṣe é, lọ́dún kejì. Kó o sì tọ́jú gbogbo nǹkan tó o bá kọ.

Ìyá Olùkọ́ kọ:
Má wo orúkọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà, ọmọ mi, torí ó yàtọ̀ láti yunifásítì dé yunifásítì. Gba sílábọ́ọ̀sì wọn. Wo iye kíláàsì tí wọ́n ti máa ní kó o kọ nǹkan gígùn, wo bóyá dandan ni kíláàsì ìwádìí, wo bóyá wọ́n máa rán ọ lọ sẹ́nu iṣẹ́. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣófo, má lọ síbẹ̀, èmi náà ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìbéèrè kọ:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gba sílábọ́ọ̀sì náà, mo tẹ̀ ẹ́ jáde. Dandan ni kíláàsì ìwádìí, méjì ni wọ́n tiẹ̀ ní. Ìdajì sáà kan wà fún ẹnu iṣẹ́.

Lálẹ́ àná, mo sọ ìtàn bàálù méjì yẹn fún bàbá mi. Mo sọ ti bọ́ǹbù àti ti kùrukùru pẹ̀lú, bí ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rọ ṣe wí. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ẹnjiníà tó béèrè yẹn, kí ló dé tí kò tún un sọ?" Mi ò mọ ìdáhùn. Mo ní màá béèrè.

Ìyá Olùkọ́ kọ:
Sọ fún wọn pé ìbéèrè yẹn gan-an ni àwọn ilé iṣẹ́ òfuurufú bi ara wọn. Ọ̀gá ńlá lẹni tó wakọ̀ náà, òun ló máa ń kọ́ àwọn awakọ̀ míì, ó sì dáhùn bí ẹni tọ́rọ̀ dá lójú. Ní 1979, NASA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú, pe ìpàdé lórí irú nǹkan báyìí, ibẹ̀ ni ètò ẹ̀kọ́ kan ti bẹ̀rẹ̀ tó ti wá di dandan fún àwọn awakọ̀ òfuurufú. Wọ́n ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ bó ṣe máa tún ọ̀rọ̀ sọ fún ọ̀gá, wọ́n sì ń kọ́ ọ̀gá bó ṣe máa gbọ́. Abẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ la ti ń kọ́ ọ. Wo ọdún kẹta nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ.

Ọmọ Ìbéèrè kọ:
Mo ti rí i, mà. Ó wà níbẹ̀. Mo ka èsì yín sí bàbá mi létí, wọ́n ní kí n fi ìwé náà sílẹ̀ sórí tábìlì, àwọn fẹ́ kà á dé ìparí.